San-satsu tó dúró ti àyè òfo

Tóyìn: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àwọn ará Japan yẹn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́.

Kúnlé: Tóyìn, ó dùn mọ́ mi gan-an ni. Ṣó o rí i, ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń kẹ́yìn nínú èdè wọn, àwọn yòókù lè pààrọ̀ àyè. "Gakusei" ni akẹ́kọ̀ọ́, "hon" ni ìwé, "katta" ni rà. "Gakusei ga hon o katta", akẹ́kọ̀ọ́ ra ìwé. "Hon o gakusei ga katta", akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ṣì ra ìwé, torí "ga" ló ń tọ́ka ẹni tó rà á, "o" ń tọ́ka nǹkan tó rà.

Tóyìn: Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ o. Olú na Adé, Adé na Olú, ìjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kúnlé: Ẹn-ẹ́n! Pípààrọ̀ àyè tiwọn yẹn ni Ken Hale, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, fi sọ ní 1980 pé ó lè jẹ́ pé ṣe ni gbólóhùn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, pé kò sí yàrá kan tí ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ jọ ń gbé, kí olùwà wà níta.

Tóyìn: Kí ló wá fi hàn pé yàrá wà?

Kúnlé: Nọ́ńbà ni! Èèyàn mẹ́ta, san-nin. Ìwé mẹ́ta, san-satsu. "Gakusei ga san-nin hon o katta", ó dáa, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ra ìwé. Wá sún san-nin kọjá ìwé, "Gakusei ga hon o san-nin katta", áà, kò bá etí ọ̀pọ̀ wọn mu rárá.

Tóyìn: Bóyá torí pé ìwé ti bọ́ sáàárín wọn?

Kúnlé: Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbọ́ èyí: "Hon o gakusei ga san-satsu katta", akẹ́kọ̀ọ́ ra ìwé mẹ́ta. Gakusei bọ́ sáàárín, síbẹ̀ ó dáa! Ẹ̀gbẹ́ katta, nínú yàrá yẹn, ni hon wà tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ síwájú, san-satsu wá dúró ti àyè tó fi sílẹ̀. Gakusei inú èyí tí kò dáa yẹn ò kúrò níbì kankan, kò fi àyè kankan sílẹ̀ tí san-nin máa dúró tì. Mamoru Saito, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ti ṣàlàyé ìṣípò yìí nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní 1985, Shigeru Miyagawa, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bíi tiẹ̀, wá fi nọ́ńbà tì í lẹ́yìn nínú ìwé tó kọ ní 1989.

Tóyìn: Bí "ìwé ni Olú rà" nìyẹn, ìwé ti lọ síwájú, ẹ̀yìn "rà" ṣófo.

Kúnlé: O gbà á! Òfo tiwa hàn kedere. Tiwọn fara pa mọ́, san-satsu ló dà bíi bàtà tí èèyàn bọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Tóyìn: Ará Osaka ni aládùúgbò mi níbí, n ó ka méjèèjì fún un lálẹ́ yìí.

Kúnlé: Má sọ èyí tí kò dáa fún un o, má sì dánu dúró ṣáájú san-nin, torí àwọn kan máa ń gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣáà kà á, kó o máa wo ojú ẹ̀.