Ohun Tí Ó Ń Lé Obìnrin Kúrò Nídìí Iṣẹ́ Ẹnjiníà

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ẹ péjọ sí Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lónìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ obìnrin àti iṣẹ́ ẹnjiníà, bí a ó ṣe gba ọmọbìnrin níyànjú láti ka ìṣirò ni a sábà máa ń sọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, sọ ní 2021 pé nínú 100 ẹni tí ó ń gboyè ẹnjiníà káàkiri àgbáyé, obìnrin kò ju 28 lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ká mi lára jù ni ti obìnrin tí ó ti gboyè tán ní yunifásítì Abomey-Calavi, tí ó ti ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀, tí ó wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìmọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó.

Bí a bá béèrè ìdí, àwọn ènìyàn yóò sọ pé torí ọmọ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nadya Fouad àti Romila Singh, olùwádìí ní Amẹ́ríkà, gba èsì lọ́wọ́ obìnrin tí ó lé ní 3,700 tí wọ́n kàwé gboyè ẹnjiníà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Nínú àwọn tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ní torí ẹbí ni. Àwọn tí ó sún mọ́ ìdajì dárúkọ ipò iṣẹ́, ìrìn-àjò tí ó pọ̀ jù, owó oṣù tí kò tó àti ìgbéga tí kò dé. Àwọn tí ó dúró ni àwọn tí ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ wọn ń tì lẹ́yìn.

Ní ọjà Kétu, kò sí ẹni tí í sọ fún ìyá ọlọ́jà pé kí ó pa òwò tì torí pé ó bímọ. Ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, ẹni tí ó wà ní ìsọ̀ kejì a sì máa bá a wò ó. Ọjà ti gba ọmọ mọ́ra láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ibi iṣẹ́ ẹnjiníà, tí a kò fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin sí, tí bàtà iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ obìnrin, ni kò tíì gba ìyá ọmọ pàápàá mọ́ra.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 1998 fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14, ó sì fún ìyá ọlọ́mọ ní wákàtí kan lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú títí ọmọ yóò fi pé oṣù 15. Òfin náà dára, àmọ́ kí ni wákàtí kan lọ́sàn-án yóò ṣe fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń fi oòrùn ṣe iná mànàmáná ní Illoulofin, lápá Pọbẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kétu níbí? Ọ̀gá tí ó mòye yóò jẹ́ kí ó fi wákàtí náà tètè kúrò níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún jù lọ, ẹ̀yin ọ̀gá, ni ìpadàbọ̀ ìyá ọlọ́mọ sí ibi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin padà dé láti ìsinmi ìbímọ, wọ́n bá a pé a ti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún ẹlòmíràn, wọ́n sì di olùtọ́jú ìwé ní ọ́fíìsì. Kí aboyún tó lọ fún ìsinmi, ẹ jókòó tì í, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ iṣẹ́ tí yóò padà wá máa darí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lé e lọ́wọ́.