Ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè sọ nípa àìsàn wíwú àjogúnbá, àti ibi tí ẹnu rẹ̀ kò dé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ìlera, àti ẹ̀yin tí àìsàn yìí wà nínú ìdílé yín, ẹ kú ìjókòó. Àìsàn wíwú àjogúnbá tí àwọn oníṣègùn ń pè ní HAE ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Kò wọ́pọ̀: nínú nǹkan bí 50,000 ènìyàn, ẹnì kan ṣoṣo ni a máa ń rí tó ní in. Ojú, ètè, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ onítọ̀hún a ṣàdédé wú, kò ní yún un, ara rẹ̀ kò sì ní lé. Nígbà mìíràn, inú a máa run ún débi pé a ti rí àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí wọ́n rò pé apẹ́ńdísì ni. Bí ó bá wá jẹ́ ọ̀fun ni ó wú, èémí lè dí mọ́ ọn nínú. Oògùn ara yíyún, sitẹ́rọ́ìdì àti adirẹnalíìnì, tí a fi ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ tàbí oògùn, kì í ṣe nǹkan kan fún un, nítorí pé orísun rẹ̀ yàtọ̀.

Láti 1888 ni oníṣègùn William Osler ti kọ̀wé nípa ìdílé kan tí wíwú yìí ń bá jà láti ìran dé ìran, àmọ́ ó di 1963 kí àwọn olùwádìí Donaldson àti Evans tó fi hàn pé purotéènì kan tí ń jẹ́ C1 inhibitor ni kò ṣe déédéé nínú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ purotéènì yìí ni láti kó kallikrein, èròjà kan tí ń gé purotéènì mìíràn, ní ìjánu. Bí kò bá tó, kallikrein yóò máa gé purotéènì ńlá kan tí ń jẹ́ kininogen, bradykinin yóò jáde lára rẹ̀, òun ni yóò sì ṣí ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí omi fi ń jò sínú ẹran ara.

Láti mọ̀ pé HAE ni, ẹ̀jẹ̀ kì í jáni kulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun mẹ́ta ni a ń wò: C4 (purotéènì kan lára àwọn tí ń gbèjà ara), iye C1 inhibitor, àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. C4 a máa lọ sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò dá C1, purotéènì mìíràn tí ń gé C4, lẹ́kun kí ó má run C4 tán. Ká ní ìwé èsì kan wà níwájú wa: C4 kéré, iye C1 inhibitor pé pérépéré, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá ìdá 20 nínú 100. Dókítà tó bá wo iye nìkan yóò ní kí aláìsàn náà máa lọ sílé, bẹ́ẹ̀ irú kejì àìsàn náà gan-an nìyẹn (irú kìíní ni èyí tí iye purotéènì náà fúnra rẹ̀ kéré). Purotéènì wà, ṣùgbọ́n kò wúlò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ gba ìdájọ́ lórí èsì kan ṣoṣo, nítorí C4 àwọn ìkókó kéré láti ìṣẹ̀dá wá. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ní àìsàn náà, tí gbogbo èsì mẹ́ta yìí yóò sì mọ́ lára wọn; àyẹ̀wò jíìnì ni a fi ń wá tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni bí a ṣe ń ṣọ́ àìsàn náà lẹ́yìn tí a ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìyá méjì lè jogún àbùkù jíìnì kan náà, kí èsì wọn sì fẹ́ẹ̀ dọ́gba, síbẹ̀ kí ọ̀kan máa wú lóṣooṣù kí èkejì má wú lọ́dún. Nítorí náà, èmi kì í gbà pé kí a máa fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní gbogbo ìgbà tó bá ti wá, kí a kàn lè wo C4. Ẹni tí ń lo danazol, oògùn kan tí ń dènà wíwú, nílò àyẹ̀wò lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí a wò. Bí ó ṣe ń wú sí ni kí a fi díwọ̀n oògùn rẹ̀. Ẹni tí ń lo lanadelumab, oògùn mìíràn tí ń dènà wíwú, kallikrein ni oògùn rẹ̀ ń dì mú, kò fi kún C1 inhibitor rárá, nítorí náà C4 kọ́ ni a ó fi mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kininogen tí kallikrein ti gé ni ó máa ń dínkù lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun sì ni àwọn olùwádìí ń fojú sí báyìí.

Kí ló dé tí a kò kúkú wọn bradykinin fúnra rẹ̀? Kì í pé ìṣẹ́jú kan nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó tú ká. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀jẹ̀ tí a fà, bí ó bá ti kan ara ìgò, pàápàá ìgò onígíláàsì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bradykinin tuntun níbẹ̀, kí a sì máa ka ohun tí kò sí lára aláìsàn. Kininogen tí a ti gé a máa pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí. Ìdí nìyí tí a fi ń lo ike, tí a ti fi èròjà tí yóò dá gígé náà dúró sínú rẹ̀ ṣáájú. Ẹ má ṣe gbé e sórí yìnyín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a kọ́ wa láti ṣe fún ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ mìíràn nìyẹn. Òtútù a máa jí àwọn èròjà tí a fẹ́ kí wọ́n sùn. Lójú tèmi, ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ní ipa nínú èsì yìí ju ẹ̀rọ tó ń kà á lọ. Àyẹ̀wò náà kò sì tíì di ohun tí ilé àyẹ̀wò lásán ń ṣe.

D-dimer, ohun tí a ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ bí a bá fura sí ẹ̀jẹ̀ dídì, ńkọ́? Ó máa ń ròkè nígbà tí wíwú bá dé, tó sì máa ń mú kí dókítà tí kò mọ HAE máa wá ẹ̀jẹ̀ dídì kiri. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó ń sọ níbẹ̀ dandan, àmọ́ bí àmì ẹ̀jẹ̀ dídì bá wà, kí a má ṣe fojú fò ó.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé kí wá ni kí a fi máa ṣọ́ aláìsàn. Ìbéèrè mẹ́rin kan wà tí a ń pè ní AECT, tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń dáhùn nípa bí wíwú ṣe dààmú rẹ̀ sí láìpẹ́ yìí; máàkì 16 ni ó pé, ẹni tó bá sì gba 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a gbà pé àìsàn rẹ̀ wà ní ìkáwọ́. Obìnrin tó lóyún náà ń béèrè ìdí tí C1 inhibitor rẹ̀ fi lọ sílẹ̀: omi inú ẹ̀jẹ̀ ni ó pọ̀ sí i nínú oyún, nítorí náà bí a kò bá tíì dá a mọ̀ ṣáájú pé ó ní àìsàn yìí, kí a tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ìbímọ.