Ojú Ère Kì í Yí Padà: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ Ìwé Sínú Ìtàn Ẹlòmíràn

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé sọ ní Kétu. Mo ti gé e kúrú díẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ la wà yìí, nítorí náà ara ère ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ojú tó wà nísàlẹ̀ tutù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ. Òkè orí ni agbẹ́gi ti ń dárà: ejò, ẹyẹ, alùpùpù, kódà ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé sínú ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, iṣẹ́ òkè orí ni wọ́n gbé fún un. Ojú kì í ṣe tirẹ̀.

Èmi ò kọ irú rẹ̀ rí, òǹkàwé ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń ra àlòkù ìwé Perry Rhodan, ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tó ń jáde léraléra, lédè Faransé lọ́jà Àjàṣẹ́, láìmọ̀ pé Jámánì ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1961 ni àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì ni òmíràn ń tẹ̀ lé e. Ó ti ré kọjá 3,000. Ta ló lè dá kọ ìyẹn? Ẹnì kan tàbí méjì á la ìtàn sílẹ̀, wọ́n á pín in fún àwọn òǹkọ̀wé yòókù. Ẹni tó gba ti ọ̀sẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ pa ẹni tí ẹlòmíràn máa lò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. 

Ní ti Amẹ́ríkà, òǹkọ̀wé á kọ́kọ́ kọ ìlapa ìtàn. Olóòtú á kà á, ẹni tó ni ìtàn náà á kà á, kí wọ́n tó ní kó máa kọ ọ́ lọ. Tó bá parí, wọ́n tún lè ní kó yọ odindi orí kan. Orúkọ rẹ̀ á wà lára èèpo ìwé, àmọ́ ẹ̀tọ́ ìwé náà kì í sábà jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ àgbàtọ́ ni: o bọ́ ọ, o wẹ̀ ẹ́, orúkọ baba rẹ̀ ló ń jẹ́.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti Alan Dean Foster. Ní 1978, ó kọ Splinter of the Mind's Eye sínú ayé Star Wars, ìtàn ogun ojú òfuurufú, nígbà tí fíìmù rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ kí ìtàn náà ṣeé fi owó kékeré yà ní fíìmù, ló bá kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sínú ayé tí kùrukùru bò. Han Solo, awakọ̀ òfuurufú inú fíìmù náà, ò sí ńbẹ̀, torí òṣèré rẹ̀ ò tíì tọwọ́ bọ̀wé fún fíìmù mìíràn. Luke àti Leia, akọni ọkùnrin àti akọni obìnrin inú ìtàn náà, wá ń wo ara wọn bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ra. Fíìmù 1983 dé, ó ní Táyé-Kẹ́hìndé ni wọ́n! Kí ni òǹkọ̀wé fẹ́ ṣe sí i?

Ní oṣù Kẹrin 2014, àwọn tó ni Star Wars kéde pé ọ̀pọ̀ ìwé tó ti jáde ò sí lára ojúlówó ìtàn mọ́. Mo bínú gan-an. Síbẹ̀, Coruscant, orúkọ tí òǹkọ̀wé Timothy Zahn fún olú ìlú ìjọba inú Star Wars nínú ìwé rẹ̀ ní 1991, ti wọ fíìmù ní 1999. Thrawn, ọ̀gágun tó dá sílẹ̀ nínú ìwé kan náà, padà wá sórí tẹlifíṣọ̀n ní 2016, lẹ́yìn ìkéde yẹn. Ohun òkè orí ti di ojú.

Nígbà tí mo parí, baba agbẹ́gi kan tó jókòó lẹ́yìn béèrè pé: “Ọmọ mi, tí olówó iṣẹ́ bá ní kí wọ́n gbé ejò kúrò lórí ńkọ́?”

Mo ní: “Wọ́n á gbé e kúrò, Baba.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé wọ́n máa ń san àsansílẹ̀ níbẹ̀?”