Ẹ Wá TDC Kẹ́ ẹ Tó Ṣí Láptọ́ọ̀pù

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìjókòó àwa tá à ń to kit car, mọ́tò téèyàn ń fọwọ́ ara ẹ̀ tò, nìyí, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn tí ò ráyè wá. Mo ti yọ àwọn ibi tí maikirofóònù ti ń hu kúrò, àmọ́ mi ò yọ gbogbo ibi tí mo ti bẹnu àtẹ́ lu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dísítíríbútọ̀, ìyẹn àwọn tó ṣì ń lo ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, torí ojú wọn ni mo ṣe sọ ọ́.

Ohun tí mo bá wá ò pọ̀. Ignition, ẹ̀rọ tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, téèyàn ń fi láptọ́ọ̀pù ṣètò yìí, iṣẹ́ irin ni kó tó di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ò mọ ibi tí písítìn ẹ̀ ti dé òkè pátápátá, ìyẹn TDC (top dead centre), tó wá jókòó ti láptọ́ọ̀pù tó ń tẹ nọ́ńbà, irọ́ ló ń tẹ̀ síbẹ̀.

Kí ló dé tá a fi nílò ẹ̀ gan-an? Látìgbà tí Colin Chapman tó dá iléeṣẹ́ Lotus sílẹ̀ ti gbé Lotus Seven jáde ní 1957, bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ náà nìyẹn: ẹ yọ ẹ́ńjìnì lára mọ́tò kan, ẹ gbé e sínú òmíì tó fúyẹ́ jù ú lọ. Dísítíríbútọ̀ tó bá ẹ́ńjìnì yẹn wá, mọ́tò àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe é fún, èyí tó wúwo, tó ní kábúrétọ̀ kékeré kan ṣoṣo. Ẹ̀yin wá gbé kábúrétọ̀ Weber ńláńlá méjì lé e, ẹ pààrọ̀ káàmù, ẹ wá ń retí pé kí irin wúwúwo méjì àti sípíríǹgì méjì tó wà nínú dísítíríbútọ̀ yẹn mọ̀ fúnra wọn pé nǹkan ti yí padà. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Tí eré bá ń pọ̀, sípíríǹgì yẹn á máa nà, iná á máa tètè jáde sí i, ó parí. Kò lè ní kó tètè jáde níbí, kó falẹ̀ díẹ̀ lọ́hùn-ún, kó tún yára padà. Páìpù tó máa ń fa afẹ́fẹ́ láti mú un mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì ń ru ẹrù ńkọ́? Tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan bá ti ní ẹnu tiẹ̀ lára Weber, ìfà yẹn á máa gbọ̀n jìnnìjìnnì, kò sóhun tẹ́ ẹ lè fi ṣe.

Ẹ̀gbọ́n kan níwájú ti ń mi orí, wọ́n ní tàwọn ò já àwọn kulẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún Charles Kettering, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà yẹn o, ignition tó ṣe sínú Cadillac ọdún 1912 ló gbé gbogbo ayé dé ibi tá a dé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀ yín, kẹ́ ẹ di ṣáàfù ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì. Bó ṣe ń mì yẹn ni táímìn yín, àsìkò tí iná ń jáde, náà ń mì. Ní 6000 rpm, ìyẹn yíyípo 6000 níṣẹ̀ẹ́jú kan, kránkì, irin tí àwọn písítìn ń yí, ń yípo lẹ́ẹ̀kan láàárín mìlísẹ́kọ́ńdù 10, dígírì kan ò pé 0.03 mìlísẹ́kọ́ńdù. Ẹ ẹ́ sì ní ṣáàfù tó ti jẹ lẹ máa fi wọn ìyẹn.

Èyí tí mo mọ̀ jù, tí ọ̀pọ̀ nínú yín náà ti rà, ni MegaJolt, àpótí kékeré tẹ́ ẹ lè fi láptọ́ọ̀pù ṣètò, tó ń bá EDIS, ẹ̀rọ ignition tí ò ní dísítíríbútọ̀ ti Ford, ṣiṣẹ́. Ford fi EDIS sínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wọn láyé 1990, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lára àwọn mọ́tò tí wọ́n ti pa tì. Àgbá onéyín kan máa wà lórí kránkì, eyín 36 ló yẹ kó ní, àmọ́ wọ́n yọ ọ̀kan, 35 ló kù. Eyín kan dúró fún dígírì 10. Sẹ́ńsọ̀ á máa wo àwọn eyín yẹn bí wọ́n ṣe ń kọjá, tó bá ti rí àlàfo, ó mọ ibi tí kránkì wà. EDIS ló ń ka èyí, òun náà ló ń ta kọ́ìlì, tó ń ṣe iná fún púlọ́ọ̀gì, jí. MegaJolt kì í ta iná kankan fúnra ẹ̀, ó kàn ń sọ fún EDIS pé iye dígírì báyìí ni mo fẹ́ kí iná fi ṣáájú TDC, bó sì ṣe ń sọ ọ́ wù mí: pọ́ọ̀sì iná kan, iná tó wá fún ìgbà díẹ̀ tó sì lọ, ló ń fi ránṣẹ́, tó bá gùn tó 1536 máíkírósẹ́kọ́ńdù, òdo nìyẹn, dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ fi kún un á gé 25.6 kúrò. Ìyẹn ni pé 1280 ni dígírì 10. Tí ò bá wá rí pọ́ọ̀sì kankan gbà, EDIS á dúró sórí dígírì 10 fúnra ẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà síbẹ̀.

Ó ya, TDC. Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí.

Àmì tó wà lára púlì iwájú kránkì yín, ẹ má gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ púlì ló ní rọ́bà láàárín irin inú àti irin ìta, tí rọ́bà yẹn bá ti gbó, irin ìta á yọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmì á sì bá a lọ. Lórí púlì tó fẹ̀ tó 150 mìlímítà, dígírì kan ò ju 1.3 mìlímítà lọ létí ẹ̀, kó yọ̀ díẹ̀ báyìí, dígírì 4 tàbí 5 ti lọ. Àwọn kan á wá ní àwọn máa ki sikurudíráfà bọ ihò púlọ́ọ̀gì, kí àwọn wo ibi tó ti ga jù. Ẹ gbọ́, nínú ẹ́ńjìnì tí písítìn ẹ̀ ń rìn mìlímítà 80, tí kránkì bá yí dígírì 5 kúrò ní òkè pátápátá, bíi 0.2 mìlímítà péré ni písítìn máa rìn. Bí òkúta téèyàn jù sókè ni, á dà bíi pé ó dúró díẹ̀ kó tó já wálẹ̀. Ojú wo lẹ fẹ́ fi rí 0.2 lórí sikurudíráfà?

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ orí bátìrì. Ẹ wá irin kan tó lè wọ ihò púlọ́ọ̀gì sílíńdà àkọ́kọ́, tó máa yọ sínú, tí písítìn á fi kàn án kó tó dókè. Ẹ fi sípánà yí kránkì jẹ́jẹ́, ọwọ́ ni o, ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Tó bá kàn án, ẹ fàmì sára púlì. Ẹ wá yí i padà sí òdì kejì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo tán kó tó kàn án lápá kejì, ẹ tún fàmì. Agbedeméjì àmì méjèèjì, òun ni TDC, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ fi ayùn fà á jinlẹ̀, ẹ kun ún lọ́dà funfun, ẹ sì fa àmì dígírì 10, èyí tó máa kọ́kọ́ dé kí TDC tó dé.

Àgbá onéyín wá kàn. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn, kò gbọdọ̀ máa jó. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ àti sẹ́ńsọ̀ ò yẹ kó ju mìlímítà kan lọ, torí sẹ́ńsọ̀ yìí ò gba iná látibì kan, eyín tó ń kọjá ló ń fi ṣe iná tiẹ̀, tí kránkì bá ń yí jẹ́jẹ́ lásìkò tẹ́ ẹ ń sítáàtì, iná yẹn kéré gan-an. Kí àgbá wá máa jó báyìí, kó sún mọ́ ọn níbí kó jìnnà lọ́hùn-ún, EDIS á máa wá àlàfo eyín tí wọ́n yọ tì. Ẹ má sì fi wẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ púlì onírọ́bà, ẹ máa sun rọ́bà yẹn, bóòtù ni kẹ́ ẹ lò. Irin tó di sẹ́ńsọ̀ mú, ara búlọ́ọ̀kù ni kẹ́ ẹ dè é mọ́, kó nípọn. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi páànù ṣe, tí wọ́n wá so mọ́ ara alternator, ẹ́ńjìnì ń kọ ní 4500 rpm, ẹni tó ni ín ní máàpù òun, àtẹ dígírì tó tẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, ò dáa.

Fún ẹ́ńjìnì onísílíńdà 4, tí sílíńdà àkọ́kọ́ bá wà ní TDC, àlàfo eyín tí wọ́n yọ ti gbọ́dọ̀ kọjá sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú dígírì 90, eyín 9 nìyẹn. Onísílíńdà 6, dígírì 60. Onísílíńdà 8, dígírì 50.

Mo fẹ́ bọ́ sórí wáyà nígbà tí àbúrò kan lẹ́yìn na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, Rover V8, ẹ́ńjìnì onísílíńdà 8, ló wà nínú tèmi, èyí tó ti pẹ́. Mo ti ra gbogbo nǹkan. Lọ́la ni mo fẹ́ yọ dísítíríbútọ̀ dànù, kí n fi irin pẹlẹbẹ dí ihò ẹ̀. Ṣé sílíkóònù nìkan lè dí i?"

Mo gbé ìwé ọwọ́ mi sílẹ̀. Àbúrò, má yọ ọ́ o! Nínú ẹ́ńjìnì tìẹ yẹn, ṣáàfù dísítíríbútọ̀ ló ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì nísàlẹ̀. Tó o bá fà á yọ, pọ́ǹpù ò ní yí mọ́, iná pupa á wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, bíárín á sì jóná kó o tó délé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú V8 kékeré ti Chevrolet àti ti Ford. Ohun tó o máa ṣe ni kó o tú inú ẹ̀: yọ ìdérí, yọ rótọ̀, yọ irin wúwúwo àti sípíríǹgì, gé òkè ẹ̀ kúrò tó bá wù ọ́, àmọ́ gíà àti ṣáàfù gbọ́dọ̀ dúró síbi tí wọ́n wà, kí nǹkan kan sì wà lókè tí ò ní jẹ́ kí ṣáàfù yẹn gùn sókè. Lẹ́yìn ìyẹn lo lè wá dé e pa kí ọ́ìlì má baà jáde.

Ẹ̀gbọ́n iwájú wá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ ò rí i pé ẹ ṣì nílò wa. Ẹ̀gbọ́n, a nílò ìdí ẹ̀, a ò nílò orí ẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ló gba àsìkò tó kù, torí gbogbo àwọn tó ní V8 ló dìde. Wọ́n ní kọ́ìlì ńkọ́? EDIS-8 lẹ máa lò, àpò kọ́ìlì méjì, púlọ́ọ̀gì méjìméjì ló ń tan pa pọ̀, ọ̀kan níbi tí epo wà, èkejì níbi tí èéfín ti ń jáde, ìyẹn ò pa nǹkan kan lára. Rover ń tan 1-8-4-3-6-5-7-2, torí náà 1 àti 6 ló máa jọ wà, 8 àti 5, 4 àti 7, 3 àti 2.

Wáyà, kíákíá: wáyà sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ ní aṣọ irin lára, ẹ so aṣọ irin yẹn mọ́ ilẹ̀ lápá kan péré, kó jìnnà sí wáyà púlọ́ọ̀gì. Kẹ́ ẹ sì lo púlọ́ọ̀gì tó ní resistor, ohun tó ń dín ariwo iná kù, nínú.

Ẹ wá rántí dígírì 10 tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ẹ má tíì so MegaJolt mọ́ ọn rárá. Ẹ fi EDIS nìkan sítáàtì ẹ́ńjìnì, ẹ tan iná táímìn, tọ́ọ̀ṣì tó ń ṣẹ́jú nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá tan, sí i, àmì dígírì 10 tẹ́ ẹ fà yẹn gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in síwájú. Tó bá wà ní 7, ẹ sún sẹ́ńsọ̀. Ẹ má lọ fi dígírì 3 kún máàpù láti fi bo ó mọ́lẹ̀, mo mọ̀ yín.

Máàpù fúnra ẹ̀, ìlà 10 lọ́nà 10 ni, rpm lápá kan, bẹ́ ẹ ṣe tẹ ẹsẹ̀ sí lápá kejì, torí sẹ́ńsọ̀ ara tírótù ni ẹni tó ní Weber méjì máa lò. Níbi tẹ́ ẹ bá ti ń rìn jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kéré, iná ń rìn falẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ fún un ní dígírì tó pọ̀. Níbi tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní rpm kékeré, ẹ dín in kù, torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti máa ń kan bíi òòlù. Máàpù ẹlòmíì tẹ́ ẹ gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gé dígírì díẹ̀ kúrò lára ẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé mọ́tò lọ sórí rolling road, ẹ̀rọ oníròlà tí wọ́n fi ń wọn agbára mọ́tò lójú kan.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ní gbogbo ohun tí mo sọ lòun ṣe, TDC pé, àgbá ò jó, síbẹ̀ tóun bá ti fi kún eré, àmì yẹn á máa sá kúrò lójú kan, ẹ́ńjìnì á sì máa kọ, bẹ́ẹ̀ MegaJolt ò tíì sí lára ẹ̀. Mo ní wáyà méjì tó jáde lára sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ti gbé sódì. Kó pààrọ̀ wọn, kó tún fi iná táímìn wò ó.