Ẹ̀jẹ̀ Ríru Nínú Oyún: Ọmọ Dé, Oògùn Kò Tíì Tán

Ẹ̀yin ìyálọ́mọ Àkúrẹ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ọkàn lónìí.

Bí oyún ti ń dàgbà, ẹ̀jẹ̀ inú ara á máa pọ̀, ó lè fi bí ìdajì lé sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ọkàn ló ń tì gbogbo rẹ̀ kiri. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ru, tó dé 140 lórí 90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ti fún nìyẹn. Tipátipá ni ọkàn á fi máa tì í. Tó bá yá, ògiri rẹ̀ lápá òsì lè nípọn, kó sì le.

Ìyá mìíràn á ní, "Wọ́n yẹ̀ mí wò, ọkàn mi ń tì dáadáa." Ó dáa! Ṣé ó ń ṣí dáadáa? Mo fẹ́ràn ẹwìrì alágbẹ̀dẹ gan-an; ní Oǹdó nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò kì í fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Kí ẹwìrì tó fẹ́ná, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là, kó gba afẹ́fẹ́. Bí awọ rẹ̀ bá gan, tẹ̀ ẹ́ dalẹ́, kí ló fẹ́ tú jáde? Ọkàn tó le nìyẹn: ó ń tì, kò rọ̀ kó gbà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ráyè wọlé á há sẹ́yìn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Echo, àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, ló ń fi í hàn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe jù rèé! Bí wọ́n bá ti bímọ, oògùn di ohun ìgbàgbé. Ẹ mọ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ru jù lẹ́yìn ìbímọ? Ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 6. Kí a tó sọmọ lórúkọ! Gbogbo ilé ń ná ọjà ìkómọ ní Ọjà Ọba, ìyá ọmọ ń kí àlejò, kò sẹ́ni tó bi í pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́. Ẹ MÁ DÁ OÒGÙN DÚRÓ! Àfi tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró. Ẹ ń fọ́mọ lọ́mú? Oògùn tó bá ọmú mu wà, ẹ bi wọ́n.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ń to ìrọ̀rí kẹ́ ẹ tó lè mí sùn, tí ikọ́ ń jí yín lóru, tí ẹsẹ̀ ń wú sí i, àárẹ̀ ọmọ títọ́ kọ́. Agbára ọkàn lè máa dín kù láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí di oṣù 5 lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ yẹn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó: "Ẹ̀jẹ̀ mi ru nínú oyún."