Kí wọ́n tó da ọ̀dà: ọ̀rọ̀ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní títì àdúgbò wa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí títì tí káńsù fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo bá wá o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra jàre.

Ẹ wo ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, àfikún kẹrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Káńsù ló ni títì, gọ́tà àti iná títì, àwọn náà ló sì ni láìsẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́, ọmọlanke àti bárò, ó wà níbẹ̀ kedere. Ẹni tófin ní kó máa gbowó lórí kẹ̀kẹ́, ṣé kò yẹ kó wá ibi tí kẹ̀kẹ́ máa gbà ni? Ìjọba Èkó gan-an ti ní ìlànà fáwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àtàwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti 2018.

Wọ́n á ní ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ l'Ékòó. Ẹ jáde láàárọ̀ kùtù, ẹ máa rí mẹ́gáàdì tó ń tibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ẹ máa rí oníbúrẹ́dì. Àwọn tó kù, ẹ̀rù dánfó ló ń bà wọ́n, mi ò sì bá wọn wí. Láti June 1, 2022 tí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Àpápá, Etí-Ọ̀sà, Mainland àti Island, àìmọye èèyàn ló ń fẹsẹ̀ rìn láti bọ́sítọ́ọ̀bù wọlé, kìlómítà méjì tí kẹ̀kẹ́ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn.

Ní Holland, lọ́dún 1971, mọ́tò pa èèyàn tó lé ní 3,000, ọmọdé sì lé ní 400 nínú wọn. Àwọn òbí ló bọ́ sójú títì tí wọ́n ní àwọn ò gbà, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà kẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pẹ́ńtì tàn yín o. Ìlà funfun tí wọ́n bá fà sílẹ̀, kó tó gbẹ, dánfó á ti páàkì sórí ẹ̀, aláta á ti gbé tábìlì lé e, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Kọnkéré ni kí wọ́n fi dá a sọ́tọ̀, kí ọ̀nà náà fẹ̀ tó mítà méjì, kó má sì jẹ́ pé orí síláàbù gọ́tà ni wọ́n máa ní kí kẹ̀kẹ́ máa gbà, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i láti kó ẹrẹ̀, wọn ò ní dá a padà, ẹ̀yin náà mọ̀. Mọ́tò ò sì nílò ju mítà mẹ́ta lọ níbi tá ò ti fẹ́ kó sáré.

Àwọn ọlọ́jà wá ńkọ́? Ẹ má lé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ibi ìtajà sínú pílánì yẹn, torí ẹni tí ò bá ríbi jókòó, orí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà ló máa jókòó sí, kò sí táásífọ́ọ̀sì tó máa lé e títí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe báyìí ni pé kí CDA kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní káńsù, ẹ fún kánsẹ́lọ̀ ní kọ́pì, ẹ ní ẹ fẹ́ rí dírọ́ìnì títì náà kí agbaṣẹ́ṣe tó gbé katakata dé. Kí ìyálọ́jà fọwọ́ sí lẹ́tà ọ̀hún o, kó má jẹ́ orúkọ ọkùnrin nìkan ló máa wà níbẹ̀.