Awakọ̀ Tí Kì í Jókòó: Àwọn Adamàlúù Gúúsù Áfíríkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o.

Bí wọ́n bá ń ròyìn dáyámọ́ńdì Kimberley tàbí wúrà Johannesburg, orúkọ àwọn olówó la máa ń gbọ́. Ta ló wá kó ẹ̀rọ, ìyẹ̀fun, páànù àti ọtí débẹ̀ kí rélùwéè tó dé? Àwọn awakọ̀ tó ń fi màlúù fa ẹrù ni, adúláwọ̀ sì pọ̀ nínú wọn.

Ẹ má rò pé awakọ̀ yìí jókòó gẹlẹtẹ sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù 16 tàbí 18 tí wọ́n dè ní méjì méjì mọ́ àjàgà, tòun ti pàṣán tí igi rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Màlúù kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ. Tí ọ̀kan bá ń ṣọ̀lẹ, awakọ̀ á kọ́kọ́ pè é lórúkọ kó tó nà án. Àwọn tó lágbára jù ni wọ́n ń so mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́, torí àwọn ló ń dá a dúró lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Níbi tó bá ti dà jù, wọ́n á ki irin bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn kó má baà yí mọ́.

Ọmọdékùnrin kan ló ń fa okùn tí wọ́n so mọ́ ìwo àwọn ti iwájú. Òun ni àánú rẹ̀ ń ṣe mí jù. Bí wọ́n bá dé odò, òun ló ń kọ́kọ́ wọ omi. Bí ẹran bá ta gìjà, òun ló wà lójú ọ̀nà wọn.

Òru àti ìdájí ni wọ́n sábà ń rìn. Oòrùn bá ti mú, wọ́n á tú àjàgà kí ẹran lè jẹko. Lọ́nà Delagoa Bay, èbúté tó wà ní Mozambique, sí ìlú Lydenburg ní Gúúsù Áfíríkà, ìdí mìíràn tún wà tí wọ́n fi ń rìn lóru: eṣinṣin tsetse tó ń pa màlúù kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lálẹ́.

Gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún òyìnbó o. Ní Edendale, lẹ́bàá Pietermaritzburg, àwọn onígbàgbọ́ adúláwọ̀ ra kẹ̀kẹ́ tiwọn, wọ́n sì ń gba owó ẹrù fúnra wọn.

Rélùwéè dé Kimberley ní 1885, ó dé Johannesburg ní 1892. Àwọn awakọ̀ sún síwájú, síbi tí rélùwéè kò tíì dé. Àfi bí rinderpest, àrùn tó ń pa màlúù, ṣe já lu Gúúsù Áfíríkà ní 1896. Lọ́nà Bulawayo, ìlú tó wà ní Zimbabwe òde òní, màlúù ń kú sínú àjàgà, kẹ̀kẹ́ sì dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìjọba tún ń yìnbọn pa èyí tí ara rẹ̀ dá, kí àrùn má baà ràn. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ lánàá wá ń wáṣẹ́ kiri.

Síbẹ̀, nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Boer (àwọn òyìnbó ìran Dutch tó tẹ̀dó síbẹ̀) bẹ́ ní 1899, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tún ń wá àwọn awakọ̀ yìí kiri. Ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ẹni tó mọ màlúù dà ni wọn kò ní tó.